Igi mẹ́ta, orúkọ kan: ìdáhùn sí ìyá kan ní Kétu lórí páìnì

“Bàbá ọlọ́gbà, mo kí yín o. Kétu ni mo ti ń kọ̀wé yìí, ọgbà wa fẹ̀ ní mítà 20, ó gùn ní mítà 25. Láti ìgbà tí mo ti lọ kí ọmọ mi ní ilẹ̀ Faransé ni páìnì ti wọ̀ mí lójú. Lọ́dún méjì sẹ́yìn mo ra sapin méjì lọ́wọ́ ẹni tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ní Àjàṣẹ́. Ọ̀kan ti ga ju òrùlé lọ, ó máa ń súfèé bí atẹ́gùn bá ń fẹ́. Èkejì kò tíì kọjá orúnkún mi, ẹ̀ka rẹ̀ sì tò ní ipele-ipele. Mo tún gbin hóró tí mo ṣà létí òkun gúúsù ìwọ̀-oòrùn lọ́hùn-ún, láti inú èso tó gùn tó àtẹ́lẹwọ́. Mọ́kànlá hù, mẹ́sàn-án dọ̀bálẹ̀ lójijì tí orí wọn ṣì tutù, wọ́n kú, ewé àwọn méjì tó kù ti pọ́n. Àárọ̀ àti alẹ́ ni mò ń bomi rin wọ́n, mo ti da ìgbẹ́ adìẹ sí i, mo ti da eérú sí i. Àna mi ní kí n fà gbogbo wọn tu, pé páìnì a máa ba ilẹ̀ jẹ́. Kí ni mo ṣì ṣe?”

Ìyá mi, mo wo àwòrán tí ẹ fi tẹ̀ lé ìwé yín, mo tún un wò lójú oòrùn kí n má baà ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Igi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ ní nínú ọgbà yẹn, ẹyọ kan péré nínú wọn ló jẹ́ páìnì, ẹ sì ń tọ́jú gbogbo wọn bí ọmọ ìyá kan náà. Ibẹ̀ ni ìdààmú ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, igi yòówù tí ewé rẹ̀ bá tínrín, tó bá sì dúró ṣonṣo, sapin ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn tó ń tà á fẹ́ tan ènìyàn jẹ; bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó tà á fún wọn ni wọ́n ṣe ń pè é. Bó bá wá ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí Kérésìmesì, orúkọ náà á tún fẹ̀ sí i. Mo ti rí túyà, igi ọgbà mìíràn, tí wọ́n tà ní sapin. Mo tilẹ̀ ti rí igi eléwé gígùn tó wó wálẹ̀ bí aṣọ eégún, tí wọ́n gbé e kalẹ̀ ní sapin, tí ọkùnrin kan tó mọ̀wé dáadáa sì sanwó rẹ̀ lójú mi. Sapin gidi, èyí tí àwọn Faransé ń sọ, ilẹ̀ olótùútù ló ń gbé. Kò sí ọ̀nà tó máa fi gbádùn ara rẹ̀ ní Kétu.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó ń súfèé. Ẹ já ẹyọ kan nínú ohun tí ẹ ń pè ní ewé rẹ̀, ẹ mú un sún mọ́ ojú. Ẹ ó rí i pé ó ní oríkèé wẹ́wẹ́ bí ìrèké, pé ní oríkèé kọ̀ọ̀kan eyín kéékèèké yí i ká. Ẹ fà á díẹ̀, á já ní oríkèé. Àwọn ọmọdé máa ń fà á já, wọ́n á tún tì í bọ ara wọn, wọ́n á ní kí ẹlẹgbẹ́ wọn sọ ibi tí ó ti já. Ewé páìnì kò ní oríkèé rárá. Filáò ni èyí, igi kan náà tí wọ́n gbìn sí etí òkun wa láti di yanrìn mú. Apá Ọsirélíà àti àwọn erékùṣù ìhà ibẹ̀ ló ti wá, kò bá páìnì tan bí ó ti wù kó kéré mọ. Eyín wẹ́wẹ́ yẹn gan-an ni ewé rẹ̀, ohun tí ẹ rò pé ó jẹ́ ewé, ẹ̀ka ni. Ó ní kókó ní gbòǹgbò tí ó fi ń rí náítírójìn, oúnjẹ igi, láti inú afẹ́fẹ́, bíi ti ẹ̀pà àti ẹ̀wà, ìdí nìyẹn tó fi sáré ga lórí ilẹ̀ yín láìbéèrè nǹkankan. Igi ìdáná rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́. Ṣùgbọ́n ó ń mu omi, ìdọ̀tí rẹ̀ pọ̀, bó bá sì dàgbà, ìjì lè dá ẹ̀ka rẹ̀ lójijì. Ibi tí mo rí i yẹn, mítà mẹ́ta sí ògiri, kò yẹ ẹ́. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ gé e nísinsìnyí tó ṣì tẹ́ẹ́rẹ́, tàbí kí ẹ máa rẹ́ ẹ kí ó di ọgbà ààbò tí kò ga ju èjìká lọ. Ó gba kí a rẹ́ ẹ; páìnì kò gbà bẹ́ẹ̀.

Èkejì, èyí tí ẹ̀ka rẹ̀ tò bí àkàbà, arọkáríà ni, igi erékùṣù Norfolk, tó wà láàárín Ọsirélíà àti New Zealand. Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Cook rí i níbẹ̀ ní 1774. Òun náà kì í ṣe páìnì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn Òyìnbó fúnra wọn ń pè é bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ má dá ẹni tó tà á fún yín lẹ́bi jù. Kò ṣàìsàn. Bó ṣe máa ń lọ́ra láti kékeré nìyẹn, pàápàá bí a bá fi sínú ìkòkò kí a tó gbìn ín sílẹ̀. Nǹkan méjì ni kí ẹ ṣọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ wo ìdí rẹ̀ dáadáa: wọ́n máa ń ki ọmọ igi mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú ìkòkò kan kí ó lè kún lójú ẹni tó ń rà. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ yan èyí tó lágbára jù, kí ẹ fi ọ̀bẹ gé àwọn yòókù nílẹ̀. Ẹ má fà wọ́n tu, gbòǹgbò wọn ti dì mọ́ra. Èkejì, ẹ má jẹ́ kí ewúrẹ́ tàbí ọmọdé ṣẹ́ ṣóńṣó orí rẹ̀. Bó bá ti ṣẹ́, ẹwà rẹ̀ parí. Mo ti gbìyànjú láti fi ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe ọmọ tuntun. Ó yè o, ṣùgbọ́n ṣe ló ń rá pálá lọ sí ẹ̀gbẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ìjì gbé ṣubú, títí tí mo fi jù ú nù.

Ó wá ku àwọn méjì tí ewé wọn pọ́n. Àwọn gan-an ni páìnì, àwọn ni mo sì fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ pẹ́ lórí wọn, nítorí ohun tó ń ṣe wọ́n ti ṣe mí rí.

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, tí mo ń kọ́ṣẹ́ níbi ìtọ́jú ọmọ igi kan, wọ́n kó hóró páìnì Kàríbíánì fún wa. A gbìn ín sínú ọ̀rá dúdú, ó lé ní 400. Wọ́n hù bí kò ṣe yẹ kí ẹnikẹ́ni bínú sí wọn. Ọmọ páìnì dára láti wò lọ́jọ́ tó bá hù: ó máa ń ru èèpo hóró náà sórí bíi fìlà, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan fìlà á bọ́, ewé á tú ká bí agbòòrùn. A ń yọ̀. Nígbà tó di oṣù kẹta, wọ́n dúró. Wọn kò ga sí i, wọn kò kú. Ewé wọn pọ́n, ṣóńṣó ewé sì ń di elése àlùkò. Ọ̀gá wa ní ebi ló ń pa wọ́n, ká fi ajílẹ̀ sí i. A fi sí i, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà ní ìdí. Ó ní omi ló kù. A bomi sí i, òmíràn tún kú. Ohun tí ẹ̀ ń ṣe ní Kétu lónìí, ìyá mi, gbogbo rẹ̀ ni a ṣe.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ igbó wá kí wa lọ́jọ́ kan. Ó tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ọ̀kan tu, ó wo gbòǹgbò rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ó gbé agbọ̀n kan dé tí ó fi ewé tútù bò. Èèpẹ̀ dúdú tí ó wà lábẹ́ páìnì àgbà ló kó wá, tí abẹ́rẹ́ jíjẹrà, ìyẹn ewé páìnì, wà nínú rẹ̀, ó ń rùn bí olú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Ó ní ká bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èèpẹ̀ náà kò kárí. Ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ ló dé. Nígbà tó fi máa tó oṣù mẹ́ta, ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà lè nawọ́ sí ibi tí èèpẹ̀ ti tán lọ́wọ́ wa: ìlà mẹ́ta tutù yọ̀yọ̀, èyí tó kù pọ́n bí koríko oṣù kejì. Mo ya ọ̀rá kan nínú àwọn tó tutù, mo ṣan gbòǹgbò rẹ̀ nínú omi. Orí àwọn gbòǹgbò kéékèèké ti pín sí méjì-méjì bí igi tí àwọn ọmọdé fi ń ṣe rọ́bà ìtàyẹ, fọ́nrán funfun sì bò wọ́n bí òwú aláǹtakùn.

Olú ni fọ́nrán yẹn. Èyí tí a ń já lókè ilẹ̀, èso rẹ̀ lásán ni. Ara rẹ̀ gangan wà nísàlẹ̀, ó ń ta kiri nínú ilẹ̀. Ó tínrín ju gbòǹgbò lọ, ó ń wọ ibi tí gbòǹgbò kò lè wọ̀, ó ń wá fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti omi bọ̀ fún igi, igi náà sì ń fún un ní ṣúgà tí ewé rẹ̀ ṣe nínú oòrùn. Páìnì kò lè dá jẹun. Ọ̀pẹ, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ náà ní irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n tiwọn ti wà nílẹ̀ wa láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi í ronú nípa rẹ̀. Olú páìnì kò sí níbí, nítorí páìnì fúnra rẹ̀ kò sí níbí rí. Oríṣi rẹ̀ lé ní 100, apá àríwá ayé sì ni ilé gbogbo wọn. Ẹyọ kan ṣoṣo, tó wà ní Sùmátírà, ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kọjá ìlà tó pín ayé sí méjì. Ní Áfíríkà, ìhà àríwá, bíi Mòrókò, Àljẹ́ríà àti Tùnísíà, ló mọ. Igi apá àti àwọn igi mìíràn nínú ọ̀dàn Ṣábẹ̀ ní olú tó jọ èyí ní gbòǹgbò wọn, ṣùgbọ́n páìnì kì í sábà rí ọ̀rẹ́ láàárín wọn. Kì í sì í ṣe àwa nìkan ló bá: ní Puerto Rico, wọ́n gbin páìnì títí ó sú wọn, àfìgbà tí wọ́n bu èèpẹ̀ wá láti abẹ́ páìnì Amẹ́ríkà láàárín àwọn ọdún 1950 ni igi náà tó dìde.

Ẹ wá wo ohun tí ẹ ṣe. Ìgbẹ́ adìẹ lágbára jù fún ọmọ páìnì. Níbi tí ajílẹ̀ bá ti pọ̀, olú tó ń ràn án lọ́wọ́ kì í fẹ́ dúró, àrùn tó ń mú ìdí rẹ̀ rà a sì máa gbèrú. Mo fura pé àrùn yẹn ló pa mẹ́sàn-án yín, nítorí ẹ ní wọ́n dọ̀bálẹ̀ lójijì tí orí wọn ṣì tutù. Omi ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ náà kún un. Eérú ló wá burú jù. Páìnì fẹ́ ilẹ̀ tó kan díẹ̀, bí ọsàn wẹ́wẹ́ ṣe ń kan lẹ́nu, ilẹ̀ pupa Kétu sì bá a mu ní ti èyí. Eérú ń ba ìkan yẹn jẹ́. Ohun tó dára fún ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni ẹ fún igi tí kò fẹ́ràn rẹ̀.

Ìṣòro kejì wà tí èèpẹ̀ agbọ̀n kò ní yanjú. Ẹ ní èso tí ẹ ti rí hóró yẹn gùn tó àtẹ́lẹwọ́, pé etí òkun gúúsù ìwọ̀-oòrùn Faransé ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé páìnì etí òkun wọn ni, èyí tí ewé rẹ̀ máa ń so pọ̀ ní méjì-méjì bó bá dàgbà. Mi ò lè fi àwòrán jẹ́rìí sí i, nítorí tiyín ṣì kéré, ewé ọmọdé ló ṣì wà lára wọn, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ibi tí igi yẹn ti wá, ìgbà òtútù ni òjò máa ń pọ̀ jù, ìgbà ooru ni ó máa ń dín kù. Tiwa yí padà: ìgbà tí ilẹ̀ gbóná ni omi ń dà, ìgbà ọyẹ́ ni gbogbo nǹkan gbẹ. Kódà bí a bá fún un ní olú, mi ò rò pé á ju igi aláìlera lọ. Èyí tó bá ilẹ̀ wa mu ni páìnì Kàríbíánì, ti ìhà Kúbà, Bàhámà, Họ̀ndúrásì àti Nikarágúà. Ewé rẹ̀ sábà ń so pọ̀ ní mẹ́ta-mẹ́ta, ó gùn tó ìka ọwọ́ méjì tí a tò pọ̀. Ó gba ooru, ó gba òjò bíi tiwa, ó sì lè fara da oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún láìsí òjò bó bá ti fìdí múlẹ̀. Àwọn ará Nàìjíríà ti gbìn ín ní òkè Jọs. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ra ọmọ igi tí ilẹ̀ páìnì ti wà ní ìdí rẹ̀, kì í ṣe hóró. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má kó hóró tàbí èèpẹ̀ wọlé nínú báàgì láti òkè òkun mọ́. Ìwé àṣẹ wà fún un, àrùn tó ń bá èèpẹ̀ rìn kì í fihàn lójú.

Ní ti ọ̀rọ̀ àna yín, mi ò ní bá wọn jiyàn tán, torí ojú wọn ti rí nǹkan. Òótọ́ ni pé àgbàdo kì í ṣe dáadáa lábẹ́ páìnì. Àwọn ènìyàn wá ń sọ pé májèlé ló ń tú sílẹ̀. Kì í ṣe májèlé. Òjìji ni, gbòǹgbò tó ń fa omi orí ilẹ̀ ni, àti abẹ́rẹ́ tó ń jábọ́ tí kì í tètè jẹrà, tó tẹ́ bí ẹní títí irúgbìn kò fi rí ilẹ̀ kàn. Ó lè mú ilẹ̀ kan sí i díẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ẹ bá gé e, tí ẹ kó abẹ́rẹ́ kúrò, ilẹ̀ á tún so nǹkan. Èyí tó yẹ kí wọ́n fi dẹ́rù bà yín ni iná. Oje wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn. Nínú oṣù kìíní, tí ọyẹ́ ń fẹ́, tí àwọn ọlọ́dẹ ń tiná bọ igbó, òkìtì rẹ̀ á gbiná bí ẹni da karosíìnì sí i.

Ohun mìíràn tún wà tó jẹ́ ti Kétu gan-an, tí ìwé àwọn Òyìnbó kò ní sọ fún yín. Ẹ mọ bí omi ṣe jìn nílẹ̀ yín tó. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń gbe omi òjò láti orí páànù lọ sínú sìtẹ́ẹ̀nì, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ilé ṣe ń ṣe, páìnì tó bá sún mọ́ òrùlé á fi abẹ́rẹ́ dí ọ̀nà omi yẹn lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo, omi á wá pọ́n, á máa rùn bí oje. Ẹ ronú nípa gíga rẹ̀ náà: igi tó máa ń tó mítà 25, tó tún lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, nínú ọgbà tó gùn ní mítà 25. Ibi yòówù tí ìjì bá gbé e ṣubú sí, orí nǹkan ni. Ẹ kò sì lè gé orí rẹ̀ kí ó kúrú bí a ti ń ṣe fún máńgòrò, nítorí igi páìnì tó ti gbó kì í yọ ẹ̀ka tuntun lójú igi.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ èmi ni mo ni ọgbà yẹn, mi ò ní gbin páìnì sínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Màá fi arọkáríà sílẹ̀ ní iwájú ilé, jìnnà sí ògiri ní mítà mẹ́jọ ó kéré tán, torí òun náà á ga lọ́jọ́ iwájú, ṣùgbọ́n kì í fẹ̀, ọjọ́ náà sì ṣì jìn. Bí ẹ bá ní ilẹ̀ oko, níbi tí kò sí wáyà iná àti ilé, ẹ lọ gbin páìnì Kàríbíánì méjì tàbí mẹ́ta síbẹ̀. Ìyẹn ni ìfẹ́ yín á ti rí àyè.

Bí ẹ bá fẹ́ gbìn ín lóko, ẹ dúró kí òjò oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tó kún. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn ní ìdajì mítà. Ẹ fi abẹ ya ọ̀rá náà. Bí olórí gbòǹgbò bá ti ká bíi òrùka nísàlẹ̀, ẹ gé ibi tó ká yẹn dànù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, igi náà á dàgbà tán lójú, ìjì ọdún kẹfà á sì gbé e. Ẹ bu èèpẹ̀ abẹ́ páìnì sí ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò, kì í ṣe sórí ilẹ̀. Èèpẹ̀ yẹn kò gbọdọ̀ rí oòrùn: ewé tútù ni kí ẹ fi bò ó, kí ẹ lò ó láàárín ọjọ́ mélòó kan, nítorí bó bá ti gbẹ, olú inú rẹ̀ ti kú, èèpẹ̀ lásán lẹ gbé. Lọ́dún àkọ́kọ́, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gárawà omi kan lọ́sẹ̀ tó fún igi kan. Ẹ ro koríko ìdí rẹ̀ ní mítà kan yíká. Bí ẹ bá rí i pé ó ga lọ láìní ẹ̀ka kankan, bí ìrù ẹran, ẹ má bẹ̀rù. Páìnì Kàríbíánì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ tí kò sí òtútù. Ẹ má retí hóró tó dára nínú èso rẹ̀ níbí. Èso á wà, ṣùgbọ́n òfìfo ló máa ń pọ̀ nínú rẹ̀.

Àwọn méjì yẹn ńkọ́? Ẹ dá omi alẹ́ dúró lónìí. Ẹ rọra gbọn eérú àti ìgbẹ́ adìẹ kúrò lórí èèpẹ̀ wọn, kí ẹ gbé wọn sí abẹ́ òjìji díẹ̀, lábẹ́ máńgòrò yín tí mo rí nínú àwòrán. Bí ẹ bá rí ẹni tó ní páìnì gidi láàárín ìlú wa níbí, ẹ bẹ̀ ẹ́ fún ẹ̀kúnwọ́ méjì láti ìdí rẹ̀. Mi ò ṣèlérí pé wọ́n á yè. Èyí tó bá ṣì wà títí di oṣù kẹsàn-án, ẹ tú ìdí rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ ya gbòǹgbò rẹ̀ ní àwòrán fún mi, kí ẹ gbé owó ẹyọ 100 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí n lè mọ bó ṣe tóbi tó.